Màmá Zulma Latiolais, Ẹni Tí Gbogbo Wa Ń Bi Pé Níbo Ni Boudin Ti Dùn Lọ́sẹ̀ Yìí

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 1938 ni wọ́n bí ìyá wa, Zulma Marie Latiolais, ní Prairie Bélaire, lẹ́yìn Mamou, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Bàbá wọn ni Adonis Darbonne, tí ó ń dá oko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá wọn ni Eunide, ọmọ ilé Fuselier. Àwọn Fuselier ti etí odò ni a ń wí o, kì í ṣe àwọn Fuselier ti ojú ọ̀nà rélùwéè. Nígbà tí Màmá wà láyé, wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣi ìyẹn mú, ẹbí ò sì fẹ́ wàhálà lọ́jọ́ ìsìnkú òní, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ síbí gàdàgbà.

Àwọn ni ìkẹta nínú ọmọ mẹ́jọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí wọn náà ni wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀ nílé. Ìyá tó bí Eunide fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, wọ́n wọlé gbẹ̀bí, wọ́n sì sáré padà sídìí ìkòkò kí ẹran má baà jóná. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ìdí nìyẹn tí ẹnu Màmá fi mọ boudin, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí a kó ìrẹsì, ẹran àti ẹ̀dọ̀ sí nínú, tó bẹ́ẹ̀. Màmá ní irọ́ ni. "Nínú oṣù kejì, ta ni kì í pa ẹlẹ́dẹ̀ ní Bélaire? Ṣé gbogbo ọmọ oṣù kejì ló wá mọ nǹkan tó dùn ni? Ẹ ṣáà wo Verlie."

Verlie tí wọ́n ń wí ni Àǹtí Verlie Fuselier, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ oṣù kan náà, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n sì jọ jiyàn títí ayé fi pin wọ́n níyà. Ìlà iwájú ni Àǹtí jókòó sí láàárọ̀ yìí. Àǹtí, ẹ má bínú sí wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ ọ́.

Ọdún 1945 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Faransé ti ilé wa nìkan ni wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà fi wọ́n kúnlẹ̀ sórí àgbàdo gbígbẹ, nítorí pé wọ́n fi Faransé tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Wọ́n kọ́ òyìnbó, wọ́n sì gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan oúnjẹ, wọn kì í fi òyìnbó sọ ọ́. Wọ́n ní òyìnbó tí wọ́n fi àgbàdo kọ́ àwọn, àwọn ò lè fi yin ọbẹ̀. Kíláàsì keje ni wọ́n kà dé nígbà tí òwú pọ̀ lóko tí ọwọ́ ò sì tó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tí ó wà ní Mamou, Màmá ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, olóògbé Elridge Latiolais, àgbẹ̀ onírẹsì. Ilé ijó ni wọ́n ti pàdé. Bàbá bá wọn jó láti orin àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, wọn ò sì la ẹnu. Nígbà tí Bàbá wá tọrọ wọn lọ́wọ́ òbí, Bàbá àgbà Adonis wo ọkùnrin náà títí, wọ́n ní, "Zulma, ṣé ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ ṣá?"

Màmá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èmi á máa sọ tàwa méjèèjì."

Wọ́n sì sọ ọ́ fún ọgọ́ta ọdún gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bàbá mọ̀ pé a ò bù mọ́ ọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, a ò rí i kí wọ́n na ọmọ rí, kò sì sí aládùúgbò tí tírákítọ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ tí Bàbá ò lọ bá a fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu wọn. Bí ọmọ bá gba ẹ̀bùn nílé ìwé, Bàbá á fọwọ́ kàn án lórí, ó parí nìyẹn. Àwa ọmọ dàgbà, àwa náà bímọ, a ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé a mọ ohun tó wà nínú bàbá wa. Ó dùn wá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Láti ọdún 1964 títí di ọdún 1996 ni Màmá fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bọ́ nígbà náà ti ní ọmọ-ọmọ, àwọn kan nínú wọn ló sì gbé pósí wọlé láàárọ̀ yìí. Nígbà òtútù, tí omi bá bo oko ìrẹsì, wọ́n á tẹ̀lé Bàbá lọ sínú irà láti lọ kó páńpẹ́ edé kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọn ò ráhùn. Àbí kí ni a ń sọ? Wọ́n ráhùn dáadáa, wọ́n fi òtútù bú edé, wọ́n fi edé bú Bàbá, ṣùgbọ́n wọn ò pa iṣẹ́ jẹ rí.

Nínú ẹ̀sìn, Màmá ò fi Ọlọ́run ṣeré. Wọ́n ń gba rosárì pẹ̀lú rédíò láràárọ̀. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń tún pẹpẹ ṣe, àwọn ni wọ́n sì ń se oúnjẹ fún ilé òkú ní Bélaire fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fadá Mouton lè jẹ́rìí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá sùn nígbà ìwàásù, ìwàásù náà sì gùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí rosárì ni ẹ ṣe ń pe tẹlifóònù Màmá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́.

Ó lé lógójì ọdún tí Màmá àti Bàbá fi ń jáde nínú píkọ́ọ̀pù Bàbá ní àárọ̀ Sátidé láti lọ wo ibi tí boudin ti dùn. Bàbá ń wakọ̀, Màmá ń darí. Wọ́n á dúró níwájú ilé epo kan tó ń ta oúnjẹ ní ọ̀nà Ville Platte, wọ́n á dúró ní ṣọ́ọ̀bù Mistà Curley, wọ́n á yà sí oríta Grand Prairie. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, nígbà tó ṣì ń jó wọn lọ́wọ́. Wọ́n á di orí kan mú, wọ́n á fi eyín fa ìrẹsì àti ẹ̀dọ̀ jáde nínú ìfun, wọ́n á sì ju ìfun sílẹ̀ sínú pépà. Màmá ní àwọn ò mọ irú èèyàn tó lè gbé boudin gbígbóná délé láì tíì fọwọ́ kàn án.

Kò sì mọ sórí boudin nìkan. Wọ́n mọ ibi tí awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín ti ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu, wọ́n mọ obìnrin kan ní Chataignier tó ń ta ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìẹ lọ́jọ́ Ọjọ́rú nìkan, wọ́n mọ ilé epo tí ọbẹ̀ gọ́mbò rẹ̀ dára tó bá ti jẹ́ pé ìyá oní-nǹkan ló sè é, kì í ṣe ọmọ. Tí agogo mẹ́jọ bá ti lù, tẹlifóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Zulma, ibo la ti máa rà á lónìí?" Màmá á ní, "Ẹ má dé ọ̀dọ̀ Curley lónìí o. Òun àtìyàwó ẹ̀ ń jà, ó ti da ata sí i bí ẹni ń gbẹ̀san." Àwọn èèyàn ń pè láti Houston kí wọ́n tó gbéra. Fadá tẹ́lẹ̀rí máa ń pè láti inú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ ìsìn. Ohun tí Màmá bá sọ, abẹ gé e.

Èyí tó kù tí a fẹ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ yín ló mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ọ tán.

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, ọ̀fìnkìn líle kan dá Màmá dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n bu kọfí mu, wọ́n ní, "Ta ló gbé omi gbígbóná fún mi?" Velta, àbíkẹ́yìn wọn, lọ tún un pò. Wọ́n mu ún, wọ́n ní ó ti dára. Kò dára o. Wọn ò gbọ́ òórùn kankan mọ́, ahọ́n wọn ò sì mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè máà padà. Kò padà.

Bàbá nìkan ni wọ́n sọ fún. Iwájú ilé epo ni wọ́n wà, nínú píkọ́ọ̀pù, Màmá jẹ boudin tán láì mọ ohun tí wọ́n jẹ, ni omi bá ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Elridge, bí wọ́n bá gbọ́, ta ló tún máa pè mí? Wọ́n á ní Zulma ti darúgbó. Wọ́n á wá máa bi mí léèrè ẹsẹ̀ mi."

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ikú ò bà wọ́n lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Kí tẹlifóònù dákẹ́ ní àárọ̀ Sátidé, kí àwọn èèyàn máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n pé báwo ni orúnkún.

Bàbá ṣí pépà tiwọn, wọ́n bu boudin jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, wọ́n gbé e mì. Wọ́n wá ní, "Iyọ̀ ẹ̀ pé. Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Ata ẹ̀ ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ìgbà tí o bá ti jókòó tán ni wàá tó mọ̀ pé ó ti wọlé."

Màmá ní àwọn yíjú wò wọ́n, àwọn rò pé rédíò ló ń sọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Bàbá á jẹ ẹ́, Bàbá á sọ ọ́, Màmá á gbọ́, wọ́n á délé, wọ́n á gbé tẹlifóònù, wọ́n á sì dájọ́ bí wọ́n ṣe máa ń dá a. Nígbà tí a bá ń pa ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹbí, tí gbogbo wa dúró yí ìkòkò ká, Bàbá á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò nínú ṣíbí, wọ́n á gbé ṣíbí náà fún Màmá, wọ́n á sì fẹnu kan etí Màmá. Àwọn obìnrin á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ ẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣeré ìfẹ́ lọ́jọ́ ogbó." Iyọ̀ ni wọ́n ń sọ o. Iyọ̀ lásán.

Nígbà ìrúwé ọdún 2017, dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ lára Bàbá. Wọ́n gba ìtọ́jú ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ṣùgbọ́n Sátidé kan ò yẹ̀ títí oṣù kẹjọ fi parí. Nígbà tí Bàbá ò lè wakọ̀ mọ́, Màmá ló ń wà á. Ní oṣù kẹwàá, Bàbá dágbére fáyé. Tẹlifóònù ń dún ní Sátidé, Màmá á ní orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò jáde, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ọ̀fọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan.

Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ọdún 2018, a pa ẹlẹ́dẹ̀ ní àgbàlá Harris, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí. Ẹran àti ẹ̀dọ̀ ti jinná, a ti lọ̀ ọ́, a ti pò ó mọ́ ìrẹsì àti àlùbọ́sà eléwé, ó ku kí á kì í sínú ìfun. Harris rò pé Velta ti fi iyọ̀ sí omi ẹran. Velta rò pé Harris ni. Kì bá ti sí wàhálà, nítorí Màmá ló máa tọ́ ọ wò, tí wọ́n á ní kí a fi iyọ̀ kún un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ayébáyé. Lẹ́yìn tí Màmá bá sì ti tọ́ ọ wò, ẹnikẹ́ni kì í tún fi ṣíbí kan ìkòkò náà. Ìwọ̀sí gbáà ni yóò jẹ́.

Harris gbé ṣíbí fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pa ojú dé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní, "Ó pé. Ẹ máa kì í."

A kì í sínú ìfun. A sè é. Gbogbo èèyàn mú tirẹ̀, gbogbo èèyàn bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé iyọ̀ ẹ̀ kéré o. Iyọ̀ kan ò sí níbẹ̀ rárá! Ó dà bí ẹni ń jẹ òwú. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Harris ní, "Ó dùn o, Màmá."

Velta ní, "Ó kúnná gan-an."

Ni gbogbo ojú bá kọjú sí Àǹtí Verlie. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n mọ̀ pé Àǹtí ò gba ohun tí Màmá sọ rí láyé wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ nìkan, wọ́n ti fi ja ìjà tó lè kún ìwé. Màmá ní ẹ̀dọ̀ pọ̀ jù, Àǹtí ní kò tó. Àǹtí jẹ boudin náà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì tipátipá, wọ́n nu ẹnu. Wọ́n ní, "Zulma, ó dára. Mi ò rí nǹkan kan sọ sí i."

Màmá rọra gbé tiwọn sílẹ̀. "Verlie, kí ló ṣe é?"

"Kí ló ṣe kí ni?"

"Boudin yìí. Ọgọ́rin ọdún ni mo ti mọ̀ ẹ́, o ò fẹnu yin nǹkan mi rí. Kí ló ṣe é?"

"Mo ní ó dára! Ṣé wàá fi tipátipá bá mi jà ni?"

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí Craig, ọkọ Velta, fi la ẹnu. Craig wá láti Minnesota, ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n àna rere náà ò mọ ilé bó ṣe yẹ nígbà náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí iyọ̀ wà?" Velta fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Craig ké, "Ó tì, kí ni mo ṣe?"

Màmá jókòó. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Velta, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Òun nìkan ló sọ òótọ́ níbí." Wọ́n wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, ti ọ̀fìnkìn, ti inú ọkọ̀, ti ṣíbí. Wọ́n ní, "Láti ọdún 2011, mi ò mọ boudin yàtọ̀ sí pépà tí wọ́n fi wé e. Bàbá yín ni ẹnu mi. Ní báyìí mi ò ní ẹnu kankan mọ́. Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n má pè mí mọ́."

Àǹtí Verlie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Dúró ná. Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé láti ọdún méje, Elridge ni mò ń bá jà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀?"

"Elridge ni."

"Elridge tí kì í sọ̀rọ̀!"

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Àwa ọmọ nìkan ni a ò lè rẹ́rìn-ín. Harris, tó bá Bàbá ṣiṣẹ́ oko láti kékeré, wá kúnlẹ̀ síwájú wọn bí ọmọdé. Ó ní, "Màmá. Kí ni Bàbá máa ń sọ?"

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Earline, àkọ́bí wọn, tó kọ ìtàn yìí fún ẹbí, wà lọ́dọ̀ wọn. Màmá ti wọṣọ, wọ́n ti kun ètè ní pupa, wọ́n jókòó ti tẹlifóònù. Agogo mẹ́jọ lù. Kò dún. Agogo mẹ́sàn-án lù, kò dún. Màmá ní, "Mo sọ fún yín." Wọ́n bọ́ bàtà.

Bí wọ́n ṣe ń bọ́ èkejì ni ọkọ̀ Àǹtí Verlie wọlé. Àǹtí ò kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé pépà gbígbóná lé orí tábìlì, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ẹ kọ́ ni mo bá wá o, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹsẹ̀. Jókòó kí o gbọ́." Wọ́n bù ú jẹ níwájú Màmá, wọ́n ní, "Àkọ́kọ́, iyọ̀ ń bẹ." Màmá wò wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ dára, ó pọ̀ tó, ata ẹ̀ náà ò burú, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo agbègbè Evangeline yìí."

Màmá ní, "Irọ́ lo ń pa. Ibi tọ́mọ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lo ti rà á."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹnu ẹ ló sọ fún mi. Gbogbo ayé ẹ, o ò sọ pé ẹ̀dọ̀ pọ̀ tó rí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ti kún àgbàlá dé ojú títì. Ẹ̀yin gan-an ni, ẹ mọ ara yín. Ẹ kò pè nítorí pé ẹ wà lọ́nà, ẹ ti lọ rà á. Ẹ jókòó síwájú Màmá, ẹ jẹ ẹ́, ẹ sọ bó ṣe rí lẹ́nu yín, Màmá sì ń dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá kàn ní, "Ó ṣáà dùn," wọ́n á ní kí ó padà lọ jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ò mọ ọ̀rọ̀ sọ tẹ́lẹ̀, ìdí tábìlì yẹn lẹ ti kọ́ ọ. Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn ní Sátidé gbogbo títí wọ́n fi kú, tẹlifóònù sì ń dún pẹ̀lú. Ẹbí ò ní gbàgbé yín láéláé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá lọ, àwa ọmọ á dúró, Màmá á sì sọ ọ̀kan fún wa nínú ohun tí Bàbá sọ. Wọ́n ní Bàbá sọ nípa boudin kan pé, "Èyí dà bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra wa sílé. Ìrẹsì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i." Wọ́n ní Bàbá sọ nípa òmíràn pé ẹ̀dọ̀ inú ẹ̀ ń pariwo bí Verlie. A rẹ́rìn-ín títí a fi sunkún. Lọ́jọ́ kan, Harris béèrè bóyá Bàbá dárúkọ òun rí. Màmá ní, "Lọ́dún tí ìwọ kọ́kọ́ dá boudin ṣe, ó jẹ ẹ́, ó ní, 'Ọwọ́ ọmọ yìí ti ju tèmi lọ, Zulma. Mo dúpẹ́.'" Harris ní òun fẹ́ lọ wo táyà ọkọ̀ òun. Ó pẹ́ níta níbẹ̀.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, 2024, Màmá ò lè dìde mọ́. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Earline béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì ní ìgboyà láti béèrè. Ó ní, "Màmá, èyí tí Bàbá sọ kẹ́yìn ńkọ́?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbà wọ́n lágbára. Wọ́n ní, "Ìparí oṣù kẹjọ ni. Èmi ni mo wakọ̀. Bàbá yín jókòó, ó kọjú sí fèrèsé, ó bù ú jẹ, ó ní, 'Zulma, ẹ̀dọ̀ inú eléyìí kúnná, ẹlẹ́dẹ̀ yìí jẹun kánú kí wọ́n tó pa á.' Mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Edé ni mo rí. Edé pupa rẹ̀rẹ̀, láti orí dé ìdí. Ẹni tó tà á ṣèèṣì di boudin edé fún wa, ẹ̀dọ̀ kan ò sí níbẹ̀."

Earline ní, "Bàbá ò mọ̀?"

"Oògùn ti gba adùn lẹ́nu ẹ̀. Mo wá rò ó padà, mo rí i pé ó ti pẹ́, gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni. Kò sọ fún mi. Ó ń ro bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún mi kí n lè rí nǹkan dá àwọn èèyàn lóhùn."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

Màmá ní, "Mo ní, 'Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ kúnná lóòótọ́, Elridge.'"

Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ra boudin lórí ọ̀rọ̀ Màmá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2017, ẹbí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Àwọn méjì tó rán yín níṣẹ́, ẹnu wọn méjèèjì ò mọ iyọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì pè padà pé ó dùn gan-an, pé Zulma ò ṣì í rí, a ò mọ ohun tí a lè sọ fún yín.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 2024, nínú ilé tí Bàbá kọ́ fún wọn, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sáyé: Earline, Harris àti Velta, àna wọn Craig, tí wọ́n ní òun ni onídàájọ́ òtítọ́ kan ṣoṣo ní gbogbo Louisiana, àwọn ọmọ-ọmọ, Renella, Dustan, Odile àti Wade, àwọn ọmọ wọn tí ń kún ilé, àti Àǹtí Verlie, tí ó ní kí a kọ ọ́ síbí pé ẹ̀dọ̀ ò tó, kò tó rí, Zulma sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Zulma ọmọ Adonis, ọmọ Fuselier ti etí odò, ilẹ̀ Bélaire á fúyẹ́ lára yín. Kí Olúwa tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀ gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ sùn re o, Màmá. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ mọ̀.